Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Fíìmù Kámẹ́rà Ránṣẹ́ sí Láàbù láti Èkó, Tí Á sì Padà Wálé Láìjó

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dùn mí jù. Ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá àgbà wa n'Ísàlẹ̀ Èkó, mo ya fíìmù mẹ́rin, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹnfilóòpù kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù káàkiri ìlú. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ní òun gbọ́dọ̀ rí ohun tó wà nínú ẹ̀, mo ní kò burú, kí n tó yíjú padà ó ti di ahọ́n fíìmù kan, ìyẹn etí ẹ̀ tó yọ síta, mú, ó ń fà á jáde bíi téèpù télọ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kí leléyìí, ṣé kásẹ́ẹ̀tì ni?" Ọmọ náà ò lè ju ogún ọdún lọ, kò rí fíìmù rí láyé ẹ̀. Ẹ̀bi ẹ̀ sì kọ́ lọ títí, èmi ni mo fi ahọ́n fíìmù sílẹ̀ síta. Ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́, fọ́tò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ló jó dànù, torí pé tí wọ́n bá ti ká fíìmù padà sínú agolo ẹ̀, èyí téèyàn kọ́kọ́ yà ló máa ń wà lóde jù. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn gan-an ni ìyá àgbà wà nínú yàrá wọn tí wọ́n ń wé gèlè fún wọn kí èrò tó dé. Èyí tó kù, tó jẹ́ kìkì àwọn èèyàn tó ń jẹ ráìsì, mìmì kan ò mì í.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé tí fíìmù bá ń rìnrìn àjò, olè kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ta ló fẹ́ jí fíìmù gan-an? Ẹni tí ò mọ ohun tó gbé dání ló yẹ ká bẹ̀rù, lẹ́yìn náà oòrùn, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ X-ray. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun ni pé kẹ́ ẹ di fíìmù yín bí ẹni pé nínú gbogbo ọwọ́ tó máa gbà á lójú ọ̀nà, kò sí ìkankan tó rí fíìmù rí.

Nǹkan tuntun kọ́ ni kéèyàn fi fíìmù ránṣẹ́ o. Ní 1888 tí George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak àkọ́kọ́ jáde l'Amẹ́ríkà, dọ́là 25 ni wọ́n ń tà á, fíìmù tó gba fọ́tò 100 ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, téèyàn bá yà á tán, kámẹ́rà yẹn lódindi ló máa fi ránṣẹ́ padà sí ilé-iṣẹ́ wọn ní Rochester pẹ̀lú dọ́là 10, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ fọ́tò, wọ́n á ki fíìmù tuntun bọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà fún un. Àwa l'Ékòó ò nílò irú ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àdúgbò tí ò ní láàbù, ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù, ò wọ́pọ̀. Nísìnyí àwọn tó ń fọ̀ ọ́ ti dín kù gan-an, ẹni tó wà n'Íkòròdú lè ní láti gbé tiẹ̀ wá sí Island, ẹlòmíì tiẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí London.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú fíìmù tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ wo ara agolo ẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ C-41 síbẹ̀, tàbí E-6, ìyẹn orúkọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, tàbí kó jẹ́ dúdú àti funfun. C-41 ni fíìmù aláwọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, irú Kodak Gold, ColorPlus, UltraMax àti Portra. E-6 ni ti slide, tó jẹ́ pé bí nǹkan ṣe rí gan-an ló máa hàn lórí fíìmù, kì í dà bíi nẹ́gétíìfù tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń yí padà, irú Ektachrome àti Velvia. Dúdú àti funfun ní oògùn tiẹ̀ lọ́tọ̀, HP5, Tri-X, Fomapan, gbogbo ìyẹn. Èyí tó máa ń da èèyàn láàmú ni Ilford XP2, dúdú àti funfun ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n oògùn C-41 ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹ̀rọ C-41 kì í béèrè. Oògùn àkọ́kọ́ inú ẹ̀ máa ń gbóná dé 37.8°C, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ni fíìmù ń lò níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ISO 100 ìbáà jẹ́ 800 (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), àkókò kan náà ni, torí ẹ̀ ni wọ́n fi lè da tèmi tìrẹ pọ̀ wọ inú ẹ̀rọ kan. Tí HP5 bá ṣèèṣì wọ ibẹ̀, fíìmù lásán tí ò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ lẹ máa rí gbà. Dúdú àti funfun kálukú ló ní àkókò tiẹ̀, ẹni tó ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ fíìmù náà àti ISO tẹ́ ẹ fi yà á.

Èyí tó tún burú jù ni fíìmù sinimá, Kodak Vision3, táwọn kan máa ń gé sínú agolo 35mm tí wọ́n sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Púpọ̀ nínú ẹ̀ ní nǹkan dúdú kan lẹ́yìn bí èédú, remjet ni wọ́n ń pè é, tó bá wọ ẹ̀rọ C-41 èédú yẹn á bọ́ sínú oògùn, á lẹ̀ mọ́ fíìmù oní-fíìmù. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láìsọ, ìgbéyàwó ẹni ẹlẹ́ni lẹ bàjẹ́ yẹn. ECN-2 ni orúkọ bí wọ́n ṣe ń fọ tiẹ̀, ẹ bi láàbù bóyá wọ́n ń ṣe é. CineStill 800T ní tiẹ̀, wọ́n ti bọ́ remjet kúrò lára ẹ̀ kí wọ́n tó tà á, kò sí wàhálà tó bá wọ C-41.

Tó bá sì jẹ́ inú àpótí bàbá yín lẹ ti rí i, tí wọ́n kọ Kodachrome, fíìmù aláwọ̀ àtijọ́, sára ẹ̀, ẹ má náwó wá ẹni tó máa fọ̀ ọ́ kí àwọ̀ ẹ̀ lè jáde fún yín. Dwayne's Photo ní Parsons, ìpínlẹ̀ Kansas, ni láàbù tó fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn láyé, òpin ọdún 2010 ni wọ́n gba ìkẹyìn. Tèèyàn bá rí nǹkan kan nínú ẹ̀ báyìí, dúdú àti funfun ni.

Ẹ bá láàbù sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó di ohunkóhun

Lórí WhatsApp ni mo ti máa ń bi wọ́n, báyìí ni mo máa ń kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ o. Mo ní fíìmù 35mm mẹ́ta, méjì C-41, ọ̀kan HP5. Ṣé ẹ̀ ń fọ dúdú àti funfun? Ọjọ́ wo lẹ máa fọ̀ ọ́? Ṣé nẹ́gétíìfù á padà sọ́wọ́ mi, ṣé ẹ máa gé e ni àbí ẹ máa ká a? Ta ló máa gba páásẹ́ẹ̀lì, títí aago mélòó lẹ sì máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

Ìbéèrè nípa ọjọ́ yẹn, ẹ má fò ó. Àwọn láàbù kéékèèké kì í fọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n máa ń dúró kí fíìmù pọ̀ díẹ̀ kí oògùn má bàa ṣòfò. Tó bá jẹ́ Fúráìdé ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, kí ni fíìmù yín ń wá lọ́hùn-ún láti Sátidé, tó wà nínú dúróò ẹlòmíì nígbà tí NEPA ti mú iná lọ? Ẹ jẹ́ kó wà nínú fíríìjì yín dọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ìyẹn ò wá ní kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà o, fíìmù téèyàn ti yà máa ń pàdánù agbára díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́, ooru ló sì ń jẹ́ kó yára. Kodak fúnra wọn kọ ọ́ pé kéèyàn fọ̀ ọ́ kíákíá lẹ́yìn tó bá ti yà á, pé kéèyàn sì tọ́jú fíìmù tuntun síbi tí ò gbóná ju 21°C. Ibo ló wà ní 21°C l'Ékòó bí kì í ṣe inú fíríìjì?

Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nínú fíríìjì, ẹ má ṣí ìdérí ike ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì fún nǹkan bí wákàtí kan sí méjì. Bí ìgò mínírà tútù ṣe máa ń làágùn téèyàn bá gbé e síta, bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù ṣe máa làágùn, inú lọ́hùn-ún sì ni omi yẹn máa wà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa múra ẹ̀ sílẹ̀

35mm kọ́kọ́. Ẹ ká a padà dé òpin. Lórí kámẹ́rà tí wọ́n ń fọwọ́ ká, ọwọ́ yín máa gbọ́ ọ nígbà tí fíìmù bá já kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, tí ọwọ́ á kàn fúyẹ́ lójijì, àwọn kan máa ń dúró níbẹ̀ kí ahọ́n ẹ̀ lè ṣẹ́kù síta torí wọ́n ní ó máa rọ láàbù lọ́rùn láti ṣí i. Èmi ti gba ẹ̀kọ́ tèmi, ẹ ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin márùn-ún sí i kí ahọ́n wọlé pátápátá. Láàbù ní irin kékeré tí wọ́n fi ń fà á jáde, kò sóhun tó kàn wọ́n. Fíìmù tí ahọ́n ẹ̀ wà nínú, ẹni tó bá ń wò ó ní káńtà ò rí nǹkan kan fà, kò sì sẹ́ni tó máa ṣèèṣì rò pé tuntun ni kó tún fi ya nǹkan míì lé e lórí. Ìyẹn náà ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gba wọ inú àwòrán ìsọmọlórúkọ.

120, ìyẹn fíìmù tó fẹ̀ ju 35mm lọ, ò ní agolo, bébà ló ń dáàbò bò ó. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ ká a kó le, ẹ má jẹ́ kó tú lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ tó lẹ táàgì ẹ̀ pa. Tó bá dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ máa rí i tí etí fọ́tò pọ́n bí iná. Ẹ má ṣí kámẹ́rà 120 nínú oòrùn Marina lọ́sàn-án o, ẹ wọ abẹ́ òjìji kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi fọ́ìlì tí wọ́n fi ń yan ẹja wé e, kẹ́ ẹ sì tún fi náílọ́ọ̀nù dúdú sí i.

Kámẹ́rà a-lò-sọnù tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì níbi òwàńbẹ̀ báyìí, ẹ má tú u fúnra yín. Èyí tó ní fúláàṣì nínú wọn ní kapásítọ̀, ohun tó ń tọ́jú iná mànàmáná, tó lè gba 300 fólítì sára, ó lè gbá èèyàn kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ bátìrì. Ẹ fi ránṣẹ́ lódindi, ẹ sì sọ fún àwọn tó ń gbé e pé bátìrì wà nínú ẹ̀, pàápàá tó bá máa wọ bàálù.

Ó wá ku kíkọ nǹkan sára ẹ̀. Ẹ ya téèpù bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara agolo, ẹ fi máákà tí kì í parẹ́ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù, àti nọ́ńbà fíìmù: 1 nínú 4, 2 nínú 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ISO 400 lẹ yà bí ẹni pé 800 ni, ara agolo yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, "push +1", ìyẹn kí wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ́ díẹ̀ sí i, kì í ṣe inú WhatsApp nìkan, torí ẹni tó ń ka WhatsApp lè má jẹ́ ẹni tó wà nínú dákúróòmù. Tó bá jẹ́ 120, kẹ́ ẹ rọra kọ ọ́, ẹ má fi báírò tẹ bébà ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Dídì

35mm kọ̀ọ̀kan wọ inú ike ẹ̀, gbogbo ike wọ inú náílọ́ọ̀nù tó ṣe é tì pa, ẹ sọ àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, àwọn tí wọ́n kọ "má jẹ ẹ́" sí lára, wọ́n máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Ẹ wá kọ bébà kan: orúkọ, fóònù, fíìmù mélòó, irú èwo, ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ṣé síkáànù nìkan ni àbí kí wọ́n tẹ fọ́tò, àdírẹ́sì tí nẹ́gétíìfù máa padà sí. Ẹ fi bébà yẹn sínú, ẹ tún kọ èyí tó ṣe pàtàkì síta. Tí òjò bá lu ara ẹnfilóòpù tí yíǹkì ẹ̀ tú, bébà inú ló máa sọ̀rọ̀ fún yín.

Ẹnfilóòpù pẹlẹbẹ lásán ò dáa, fíìmù ríbiti ni, ó máa ń lu ihò sára ẹ̀. Páálí kékeré ló dáa jù, páálí fóònù ti tó, ẹ fi náílọ́ọ̀nù onírorò yẹn, èyí táwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ pá-pá-pá, há gbogbo àyè inú ẹ̀ kó má máa mì. Lórí ẹ̀ mo máa ń kọ gàdàgbà gàdàgbà pé FÍÌMÙ KÁMẸ́RÀ, ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ ṢÍ I, ÌMỌ́LẸ̀ MÁA BÀ Á JẸ́, mo tún kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ẹ̀. Ní káńtà, kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ wò ó, fọ́tò inú ẹ̀ ti wà lórí fóònù mi tí mo yà kí n tó dì í, òun ni mo máa ń fi hàn wọ́n. Tí wọ́n bá ṣì ranrí, mo máa ń mú agolo kan tó ti bàjẹ́ dání, èyí tọ́mọ yẹn fà jáde lọ́jọ́sí, mo ní ẹ gba èyí kẹ́ ẹ fi ṣeré.

Tó bá jẹ́ ohun tí ò lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí kan. Ẹ fi ìdajì lọ, kó dé, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ rí i, kẹ́ ẹ tó fi ìyókù lọ. Owó dísípáàshì ẹ̀ẹ̀mejì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ara páálí fíìmù, ohun tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, fíìmù tuntun làwọn máa fi rọ́pò ẹ̀, ọ̀pọ̀ láàbù náà ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa tún ìyàwó gbé fún yín.

Dísípáàshì láàárín ìlú

Láti Ṣùrùlérè sí Lẹ́kí, ọ̀nà ò jìn bí kò bá sí gòsíló, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó gbé e ò ní tiyín nìkan. Ó lè ní páásẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá, tiyín á wà nínú àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin, oòrùn ń pa á lórí Third Mainland, àpótí yẹn á ti gbóná bí ààrò. Torí náà aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n, mo sì máa ń sanwó kó jẹ́ tèmi nìkan ló gbé, kó lọ tààrà. Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdeè, kì í ṣe Fúráìdé, torí Fúráìdé tí ò bá rí láàbù bá ní ṣíṣí, ilé dísípáàshì ló máa sùn dọjọ́ Mọ́ńdè.

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé fíìmù ni, ó máa rò pé ti Nollywood ni. Mo ti gbìyànjú àlàyé títí, èyí tó wọ̀ wọ́n létí ni pé: "Àbúrò, gbé e bí ẹni gbé kéèkì. Má fi sínú oòrùn, má jókòó lé e, má ṣí i." Gbogbo dísípáàshì l'Ékòó ló ti gbé kéèkì rí, wọ́n sì mọ ohun tí oníkéèkì máa ń ṣe fún ẹni tó bá bà á jẹ́.

Àdírẹ́sì wá ńkọ́. Nọ́ńbà ilé nìkan ò tó, ẹ sọ bọ́ọ̀sìtóòpù, ẹ sọ ohun tó wà lójúkojú, àwọ̀ géètì, àjà kelòó, ẹ sọ orúkọ ẹni tó máa gbà á àti nọ́ńbà fóònù méjì. Láàbù tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bróòdù Síríìtì, tẹ́ ẹ bá sọ pé Bróòdù Síríìtì nìkan, ọ̀dọ̀ mẹ́gáàdì bánkì kan ló máa fi sílẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, láti Éépù dé Júláì yẹn, náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ má jiyàn.

Àwọn tó ń gba fíìmù láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta nípa wéèbíìlì, tí wọ́n máa ń lọ gbà á ní gáréèjì, ọ̀rọ̀ kan rèé. Dírẹ́bà máa ń fẹ́ gbé nǹkan kékeré sí iwájú lọ́dọ̀ ara ẹ̀ kó má bàa sọnù, ìwà tó dáa ni, ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì Hiace, abẹ́ ìjókòó iwájú yẹn gan-an ni íńjìnnì wà. Kí ẹni tó ń fi ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó gbé e sí ẹ̀yìn, láàárín báàgì àwọn èrò.

Tó bá ń lọ sókè òkun

Ibí ni X-ray ti wọ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń wo ẹrù tó máa wọ inú bàálù lágbára ju èyí tó ń wo báàgì ọwọ́ lọ, fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ sì máa ń gba X-ray sára bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lé ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe, kì í parẹ́. Bí ISO bá ṣe ga tó ni ewu ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Fíìmù 3200 ò yẹ kó wọ ẹrù rárá. Ẹ lè kọ ọ́ síta pé kí wọ́n má fi X-ray wò ó, ó dáa kẹ́ ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́kàn lé e, páásẹ́ẹ̀lì tó ń wọ bàálù, yíyẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Torí ẹ̀, tí fíìmù yín bá jẹ́ C-41 tí wọ́n lè fọ̀ l'Ékòó, ẹ fọ̀ ọ́ síbí, nẹ́gétíìfù tí wọ́n ti fọ̀ kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú X-ray mọ́, ẹ lè wá fi ìyẹn ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń síkáànù tó dáa jù.

Tó bá di dandan kó lọ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ kóríà ńlá tàbí EMS ti NIPOST, GPO ní Marina ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n máa fún yín ní fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù, CN22 fún ẹrù kékeré, CN23 tí owó ẹ̀ bá pọ̀. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ gan-an: fíìmù fọ́tò tí wọ́n ti yà, tí wọn ò tíì fọ̀, tí kì í ṣe ọjà títà. Kóòdù kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀ ni 3704. Tó bá ń padà bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ti di 3705, ẹ sọ fún láàbù kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí tí wọ́n bá kọ 3702, ìyẹn fíìmù tuntun, wọ́n á rò pé ọjà lẹ kó wọlé. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọpa ẹ̀, lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì, tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ NG ló máa parí ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rísíìtì yẹn, irú bébà yẹn kì í pẹ́ tí yíǹkì ẹ̀ fi ń parẹ́.

Ọ̀pọ̀ wa ẹni tó ń rìnrìn àjò la máa ń fi rán. Ó dáa ju kóríà lọ, ṣùgbọ́n ẹ tú fọ́ìlì àti páálí kúrò, gbogbo ohun tí mo sọ nípa dídì ẹ gbàgbé ẹ̀ nísìnyí. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó gbádùn tó máa gba agolo tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé mọ́ra lọ́wọ́ èèyàn kó gbé e kọjá Ìkẹjà, ẹ̀yin náà ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú náílọ́ọ̀nù funfun tó ń ríran kọjá ni kẹ́ ẹ kó o sí, kó wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa gbé wọ ikùn bàálù, kó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ àwọn tó ń yẹ ẹrù wò pé kí wọ́n fọwọ́ wò ó. Tí wọ́n bá kọ̀, X-ray àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní ṣe ISO 200 tàbí 400 ní nǹkan kan tó hàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀rọ CT, èyí tó tóbi tó rí roboto, táwọn pápákọ̀ òfurufú ń gbé wọlé báyìí, kó má jẹ́ kó kọjá níbẹ̀ rárá, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó bá ń padà bọ̀

Síkáànù máa ń kọ́kọ́ dé lórí Google Drive tàbí WeTransfer, inú èèyàn á dùn, á wá gbàgbé nẹ́gétíìfù sí láàbù. Ẹ jọ̀ọ́, nẹ́gétíìfù ni ọjà yín. J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin láti 1968, tó bá jẹ́ pé ó da nẹ́gétíìfù ẹ̀ nù lẹ́yìn tó tẹ fọ́tò tán, kí la ò bá máa wò lónìí? Ẹ bi láàbù bí wọ́n ṣe máa ń tọ́jú ẹ̀ pẹ́ tó kí wọ́n tó kó o dà nù, ẹ sì kọ ọjọ́ yẹn sórí fóònù yín. Èmi máa ń jẹ́ kí ti fíìmù mẹ́rin márùn-ún kó jọ sọ́dọ̀ wọn kí n tó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, torí ewu ìgbà yìí ti yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ ò lè pa á mọ́, omi, kíká àti ìhà ló kù.

Ẹ ní kí wọ́n gé e ní mẹ́fà mẹ́fà, fíìmù 36 á jẹ́ ọ̀nà mẹ́fà, kí wọ́n ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún un, kí wọ́n fi páálí le méjì há a láàárín, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kí wọ́n má ká a, kí wọ́n má fi ráábà dè é.

Tí dísípáàshì bá dé, ó máa ní kẹ́ ẹ tètè sáìn torí ẹlòmíì ń dúró dè é ní Yábàá. Ẹ ní kó fún yín ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ṣí i lójú ẹ̀, ẹ ka àpò ẹ̀, ẹ tẹ́ nẹ́gétíìfù sórí bébà funfun kan níbi tí iná ti tàn dáadáa, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ fi wé fọ́tò tẹ́ ẹ yà nígbà tẹ́ ẹ di fíìmù lọ, ẹ wò ó bóyá 1 nínú 4 títí dé 4 nínú 4 pé. Ẹ di etí ẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan àárín. Tó bá ti pé, ẹ sáìn kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ, ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sára àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ kó o sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì bàtà yẹn, ẹ má gbé e sí ara ògiri tó ń mu omi.